Òkun Lọ́wọ́ Òsì, Ọ̀sà Lọ́wọ́ Ọ̀tún: Mímúra Ìsinmi Etíkun ní Ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀

Etíkun orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ kò gùn. Láti Kraké, níbi tí ó ti bá Nàìjíríà pààlà, títí dé Hillacondji, níbi tí ó ti bá Tógò pààlà, gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bíi kìlómítà 121 lọ, ẹni tó bá sì ti Èkó forí lé ìwọ̀-oòrùn yóò ní òkun lọ́wọ́ òsì àti ọ̀sà lọ́wọ́ ọ̀tún fún apá tó pọ̀ jù nínú ìrìn náà. Ilẹ̀ iyanrìn tẹ́ẹ́rẹ́ ló pín omi méjèèjì níyà. Ọ̀sà ni omi tó dúró sẹ́yìn iyanrìn etíkun, tí omi odò àti omi iyọ̀ ti ń pàdé, tí kì í sì í ní ìgbì ńlá. Ọ̀kan nínú wọn nà láti Àjàṣẹ́ gba Àgbádárìgì lọ títí dé Èkó, nítorí náà ilẹ̀ yìí kò lè ṣàjèjì pátápátá sí Yorùbá tó bá ti wo omi Àgbádárìgì rí. Ohun tó yẹ kí ẹni tó ń gbèrò ìsinmi níbẹ̀ kọ́kọ́ fi sọ́kàn ni pé omi méjèèjì kò wà fún ohun kan náà. Òkun ni à ń wò, òun ni à ń rìn létí rẹ̀, tí à ń jẹ ẹja inú rẹ̀, tí à ń gba atẹ́gùn rẹ̀ sára. Ọ̀sà àti ẹnu odò ni ó ṣe é wọ̀ pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Ẹni tó bá ṣètò ilé ìtura, owó àti aṣọ ìwẹ̀ láìmọ ìyàtọ̀ yìí ti fi ohun tó ṣáájú sẹ́yìn.

Ìgbì òkun yìí lágbára ju bí ojú ọ̀run ṣe máa ń fi hàn lọ. Lọ́jọ́ tí atẹ́gùn kò fẹ́ rárá, tí oòrùn sì ràn kedere, ìgbì tó ga ju mítà kan lọ ṣì lè máa ya lu iyanrìn láìdáwọ́ dúró, ìdí rẹ̀ sì ni pé atẹ́gùn ibẹ̀ kọ́ ló bí i. Àwọn ìjì ńlá tó ń jà ní ìpẹ̀kun gúúsù òkun Àtìláńtíìkì, níbi tó jìnnà réré sí ilẹ̀ Áfíríkà, ló ń ru omi sókè, rírú náà yóò sì rin ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà lórí òkun gbalasa kí ó tó fọ́ sí etí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Nítorí pé ìgbà òtútù àwọn ará gúúsù ayé bọ́ sí àárín oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹsàn-án, ìgbà yẹn ni ìjì wọn máa ń le jù, ìgbà yẹn náà sì ni ìgbì etíkun yìí máa ń ga jù. Láti oṣù Kọkànlá títí dé oṣù Kejì ni ó máa ń rọlẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò fìgbà kan rọlẹ̀ débi tí a lè fojú di í.

Bí ìgbì bá ti gbé omi púpọ̀ wá sétí iyanrìn, omi náà gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà padà, ó sì máa ń kó ara rẹ̀ jọ sí ojú kan tẹ́ẹ́rẹ́ tí yóò gbà tú jáde sí òkun pẹ̀lú agbára. Ìṣàn apadàsókun yìí ló ń gbé àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ lọ. Kì í fà wọ́n wọ ìsàlẹ̀ omi gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbà gbọ́. Ó kàn ń gbé wọn jìnnà sí ilẹ̀ ni, àárẹ̀ tó sì ń mú ẹni tó bá ń bá a wọ̀yá ìjà láti padà tààrà ló ń pa á. Ẹni tó bá fara balẹ̀ dúró lórí iyanrìn kó tó wọ omi lè dá ìṣàn náà mọ̀. Ojú ibi tí ìgbì kò ti ya funfun bíi ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, tí omi ti dúdú díẹ̀ tàbí tí iyanrìn ti rú u, tí ìfófó sì ń lọ síhà òkun nígbà tí ti ibòmíràn ń bọ̀ wá sílẹ̀, ojú ọ̀nà rẹ̀ gan-an nìyẹn, ó sì dunni pé ibẹ̀ náà ni àlejò máa ń rò pé omi ti rọlẹ̀ jù. Bí ó bá ti gbé ènìyàn, kí onítọ̀hún má bá a jà; kí ó léfòó, kí ó na ọwọ́ sókè kí àwọn tó wà létí òkun lè rí i, kí ó sì máa lúwẹ̀ẹ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́, ní ìbámu pẹ̀lú etí ilẹ̀, títí yóò fi bọ́ kúrò nínú rẹ̀ kó tó kọjú sí iyanrìn.

Omi òkun níbẹ̀ a máa kún, a sì máa fà, ní ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyàtọ̀ àárín kíkún àti fífà rẹ̀ kò tó mítà méjì. Nígbà tó bá kún, ìgbì máa ń ya lu òkè iyanrìn tó dagun, ó sì lè gbá àgbàlagbà ṣubú níbi tí omi kò ti ju orúnkún rẹ̀ lọ. Nígbà tó bá fà, pèpéle iyanrìn pẹrẹsẹ máa ń yọ, àwọn ọmọdé sì lè tẹ omi tí kò jìn níbẹ̀ bí àgbà kan bá dúró níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ti lè tó wọn. Ó yẹ kí ìdílé tó ń kó ọmọ wẹ́wẹ́ lọ mọ wákàtí kíkún àti fífà ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì fi ṣe òṣùwọ̀n ìgbà tí wọn yóò lọ sétí omi. Ọ̀pọ̀ ibi ní etíkun náà ni kò ní ẹ̀ṣọ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti yọ ẹni tó ń rì, nítorí náà ẹnu apẹja àdúgbò ni ìmọ̀ràn tó dára jù ti ń wá: bí apẹja bá ní kí àlejò má wọ òkun lọ́jọ́ kan, kò sí ohun tó kù láti jiyàn lé lórí.

Lẹ́yìn òkun, ojú ọjọ́ ló kàn. Gúúsù Bẹ̀nẹ̀ ń pín ọdún bí ilẹ̀ Yorùbá ṣe ń pín in: òjò ńlá láti oṣù Kẹrin dé oṣù Keje, tí oṣù Kẹfà sì máa ń pọ̀ jù, ẹ̀ẹ̀rùn kúkurú nínú oṣù Kẹjọ, òjò àrọ̀kúrò nínú oṣù Kẹsàn-án àti Ìkẹwàá, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀rùn gígùn láti ìparí oṣù Kọkànlá títí wọ oṣù Kẹta. Ẹ̀ẹ̀rùn gígùn yìí ni ìgbà tó dára jù fún ìsinmi. Ọyẹ́ máa ń wọlé láàrin rẹ̀, yóò mú òwúrọ̀ tutù, yóò sì fi eruku bo ojú ọ̀run mọ́lẹ̀, débi pé ẹni tó ń retí omi aláwọ̀ búlúù lábẹ́ ọ̀run tó mọ́ gaara lè bá òkun tó rí bí eérú; ìyẹn kò dín adùn ibẹ̀ kù, ó kàn yẹ kí a mọ̀ ọ́n ṣáájú ni. Láti oṣù Kejì lọ, ọyẹ́ á ká, ooru á sì pọ̀ sí i.

Ẹ̀ẹ̀rùn kúkurú oṣù Kẹjọ ní ìtumọ̀ tó jinlẹ̀ ju bí àlejò ṣe lè rò lọ, nítorí òkun fúnra rẹ̀ wà lára ohun tó ń fà á. Láàrin oṣù Keje sí Ìkẹsàn-án, omi tútù ìsàlẹ̀ òkun máa ń rú wá sójú omi ní Ọ̀gbun Guinea, ooru omi náà sì lè lọ sílẹ̀ láti bíi ìwọ̀n 28 tàbí 29 dé nǹkan bíi 25 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Omi tútù kì í fún òfuurufú ní ọ̀rinrin tó, òjò á sì dáwọ́ dúró fún ìgbà díẹ̀. Omi tó ń rú wá sókè yìí náà ló ń kó oúnjẹ wá fún àwọn ẹja, ìyẹn ló fi jẹ́ pé àsìkò náà dára fún àwọn apẹja. Ìdílé tí ìsinmi ilé-ìwé àwọn ọmọ wọn bọ́ sí oṣù Kẹjọ, pàápàá àwọn tó ń ti Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà bọ̀ wálé, lè lọ nígbà náà, wọn yóò sì rí ojú ọjọ́ tó tura. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ rántí pé oṣù kan náà ni ìgbì máa ń ga.

Kútọnu ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ dé. Ìlú ńlá ni, ó ní ilé ìtura oríṣiríṣi, ère obìnrin jagunjagun Dàhọ̀mì tó ga ní mítà 30 tí wọ́n ṣí ní 2022, àti ọjà Dantokpa tí a lè rìn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe inú rẹ̀ ni ìsinmi etíkun wà. Iyanrìn etíkun yìí kì í dúró lójú kan: ìgbì máa ń wá ní ìdagẹrẹ láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn, ó sì ń ti iyanrìn lọ síhà ìlà-oòrùn láìsinmi. Nígbà tí wọ́n kọ́ èbúté Kútọnu, tí wọ́n ṣí ní 1965, ògiri òkúta tí wọ́n nà wọ òkun dá iyanrìn náà dúró níhà ìwọ̀-oòrùn, ìhà ìlà-oòrùn kò sì rí iyanrìn gbà mọ́, òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ilẹ̀ ibẹ̀ wọlé, ó kó ọ̀pọ̀ ilé àti òpópónà lọ, títí ìjọba fi to òkúta ńláńlá dábùú etí omi láti dá a dúró. Ohun kan náà ló fà á tí etí òkun Fidjrossè, ní ìwọ̀-oòrùn èbúté, fi ní iyanrìn, tí àwọn ará Kútọnu sì ń rọ́ lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú. Kí ẹnikẹ́ni tó san owó ilé ìtura tí àwòrán rẹ̀ fi iyanrìn gbàràgàdà hàn, ó yẹ kó bèèrè ọdún tí wọ́n ya àwòrán náà.

Láti Fidjrossè ni ọ̀nà kan ti bẹ̀rẹ̀ tó ń tẹ̀lé etí òkun lọ sí Ouidah, ọ̀nà tí wọ́n sọ lórúkọ ẹja pípa, tí ìjọba sì ti ń ṣe lọ́dà díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá gbà á ní òwúrọ̀ yóò bá àwọn apẹja lẹ́nu iṣẹ́. Ọkọ̀ ojú omi kan ni yóò gbé àwọ̀n gígùn wọ inú òkun, yóò yí ibùdó ẹja ká, yóò sì dá ìdí okùn kejì padà sórí iyanrìn ní ibi tó jìnnà sí ti àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn, ọkùnrin, obìnrin àti ọmọdé, yóò tò sí okùn méjèèjì tí wọn yóò máa fi orin fà á bọ̀ fún wákàtí púpọ̀. Ìran yìí ju ohun ìwòran lọ; oúnjẹ òòjọ́ àwọn ènìyàn náà ni. Àlejò tó bá fẹ́ ya àwòrán gbọ́dọ̀ kí wọn kó tó tọrọ àyè, ẹni tó bá sì fọwọ́ sí okùn, tó bá wọn fà á fún ìgbà díẹ̀, á rí i pé ìkíni wọn yóò yí padà. Àwọn apá kan wà nítòsí abúlé wọn tí kò mọ́ tó láti tẹ́ ẹní sí, nítorí pé kò sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó tó fún wọn. Kí a mọ̀ bẹ́ẹ̀, kí a sì rìn síwájú díẹ̀.

Ouidah jìnnà sí Kútọnu ní nǹkan bíi kìlómítà 40, ó sì yẹ kí ó gba ọjọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Etíkun tí àlejò ń wá fún ìgbafẹ́ yìí wà lára ibi tí wọ́n ti kó ènìyàn lẹ́rú jù ní gbogbo Áfíríkà. Àwọn onímọ̀ ìtàn fojú bù ú pé àwọn tí wọ́n kó gba Ouidah kọjá lé ní mílíọ̀nù kan, Luanda ní Àngólà nìkan ló sì jù ú lọ. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ Yorùbá wà nínú wọn, pàápàá nígbà tí Ọ̀yọ́ ilé ń wó lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Bahia ní Bùràsíìlì ni wọ́n sì kó púpọ̀ wọn lọ. Èbúté kò sí ní Ouidah. Ọkọ̀ òkun máa ń dúró lókèèrè, àwọn atukọ̀ tó mọ ìgbì ni wọ́n sì ń fi ọkọ̀ kékeré kó àwọn ẹrú la ìgbì náà kọjá, nígbà mìíràn tí ọkọ̀ á dojú dé pẹ̀lú wọn. Ìgbì tí a ṣàlàyé lókè yìí náà ni. Ọ̀nà tí wọ́n gbà láti inú ìlú dé etí omi gùn tó nǹkan bíi kìlómítà mẹ́rin, ère àti òkúta ìrántí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìparí rẹ̀ sì ni ẹnu ọ̀nà ńlá tí wọ́n ń pè ní Ẹnu-Ọ̀nà Àìpadàbọ̀, èyí tí wọ́n kọ́ ní àsìkò tí àjọ UNESCO dá ètò ìrántí ọ̀nà ẹrú sílẹ̀ ní Ouidah ní 1994. Kò bójú mu kí ènìyàn fi ibẹ̀ ṣe ibi ìdúró díẹ̀ láàrin ìlúwẹ̀ẹ́ àti ọtí bíà. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ rin ọ̀nà náà ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, kí oòrùn tó mú, yóò ní àyè láti ronú, bóyá kí ó sì bá àwọn ọmọ rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n kò rí kà ní ilé-ìwé.

Inú ìlú ní ilé olódi Potogí tí wọ́n kọ́ ní 1721, tí ó wà lọ́wọ́ wọn títí di 1961, tó sì di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní 1967. Ó ní àwọn ilé àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tó ti oko ẹrú Bùràsíìlì padà wá àti àwọn ọmọ oníṣòwò Bùràsíìlì. Ó sì ní ilé òrìṣà erè tó kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá àwọn Kátólíìkì. Inú oṣù Kìn-ín-ní ni ìsinmi ìjọba fún àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ máa ń bọ́ sí ní Bẹ̀nẹ̀, láti 2024 sì ni ìjọba ti sọ ayẹyẹ Ouidah di ọlọ́jọ́ púpọ̀ tí èrò ń wá sí láti gbogbo ayé. Ẹni tó bá fẹ́ wò ó gbọ́dọ̀ ti gba yàrá ní oṣù mélòó kan ṣáájú; ẹni tó bá fẹ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́, kí ó yẹra fún ọ̀sẹ̀ náà pátápátá.

Djègbadji, abúlé tó wà lórí ọ̀sà láàrin Ouidah àti òkun, ni àlejò tó mọ ohun tó ń wá kò gbọdọ̀ fò kọjá. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí omi ọ̀sà bá ti fà, àwọn obìnrin ibẹ̀ máa ń ha erùpẹ̀ tí iyọ̀ ti gbẹ sí lára, wọn á kó o sínú agbọ̀n ńlá, wọn á da omi sí i kí iyọ̀ lè yọ́ jáde, lẹ́yìn náà wọn á se omi iyọ̀ náà lórí iná igi títí yóò fi gbẹ di iyọ̀ funfun. Iṣẹ́ àtìrandíran ni, ó le, èéfín rẹ̀ ń ta ojú, igi tí ó ń jẹ sì ń pa igbó inú omi lára. Ọwọ́ àwọn tó ń ṣe é gan-an ló sì yẹ kí a ti ra iyọ̀ náà.

Síbẹ̀, bí ó bá jẹ́ pé ibì kan ṣoṣo ni àyè wà fún, Grand-Popo ni kí a yàn. Ó tó nǹkan bíi kìlómítà 80 sí Kútọnu, kò sì jìnnà sí ibodè Tógò. Ìlú òwò ńlá ni nígbà kan rí kí òkun tó jẹ apá púpọ̀ nínú rẹ̀. Lónìí, ìlú kékeré tó dákẹ́ ni, àgbọn ló kún ibẹ̀, iyanrìn rẹ̀ gbòòrò, ilé ìtura rẹ̀ kò pọ̀, wọn kò sì ga bò ó mọ́lẹ̀. Villa Karo, ilé àṣà tí àwọn ará Finland dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 2000, máa ń gbé orin àti fíìmù kalẹ̀ fún ará ìlú àti àlejò. Odò Mono ń ṣàn gba ẹ̀yìn ìlú náà lọ sínú ọ̀sà, a sì lè gba ọkọ̀ ojú omi ní òwúrọ̀ lọ sí ẹnu odò tí wọ́n ń pè ní Bouche du Roy, níbi tí omi odò, omi ọ̀sà àti omi òkun ti ń pàdé. Ojú ọ̀nà náà gba àárín igi inú omi iyọ̀ tí gbòǹgbò wọn yọ sókè bí ẹsẹ̀ akàn, àwọn ẹyẹ wádòwádò sì pọ̀ níbẹ̀. Ẹnu odò yìí kì í dúró lójú kan, nítorí iyanrìn tí ìgbì ń tì, nítorí náà atukọ̀ tó mọ ibi tó wà lọ́dún náà ni kí a bá lọ, ìhà ọ̀sà ni kí a sì ti wẹ̀, níbi tí òun bá fi hàn. Ẹ̀wù aléniléfòó kò gbọdọ̀ wọ́n nínú ọkọ̀ náà. Bí kò bá sí, kí a wá ọkọ̀ mìíràn.

Láti nǹkan bí oṣù Kẹsàn-án tàbí Ìkẹwàá títí dé oṣù Kejì, ìjàpá òkun máa ń gòkè wá sí iyanrìn yìí ní òru láti yé ẹyin. Òfin dáàbò bo wọ́n, àwọn ará àdúgbò kan sì ti fi ara wọn fún ṣíṣọ́ wọn, tí wọ́n ń kó ẹyin sí ibi ààbò títí yóò fi pa. Àlejò lè bá wọn lọ wò ó, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú ìjàpá náà, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí wọ́n dá a dúró kí òun lè ya àwòrán. Ní àyíká yìí kan náà ni Zangbéto, eégún tó ń ṣọ́ ìlú lóru, ti lágbára, òfin ìlú lórí ibi tí àjèjì kò gbọdọ̀ dé sì ṣe pàtàkì ju ìfẹ́ àlejò lọ.

Ganvié, ìlú tí àwọn Tòfinù kọ́ sórí òpó igi nínú ọ̀sà Nokoué nígbà tí wọ́n ń sá fún àwọn tó ń kó ẹrú, kò gbà ju ìdajì ọjọ́ lọ láti Abomey-Calavi. Kí a dúnàádúrà owó ọkọ̀ kí a tó wọ̀ ọ́. Àjàṣẹ́ wà lójú ọ̀nà àbọ̀, Yorùbá sì lè fi èdè rẹ̀ rajà níbẹ̀ láìwá ògbifọ̀.

Ní ti ìwé, àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí ní 1979 fún ọmọ Nàìjíríà láyè láti wọ Bẹ̀nẹ̀ láìgba físà, kí ó sì gbé ibẹ̀ fún ọjọ́ 90. Ìyẹn kò sọ pé kò nílò ìwé. Páásípọ́ọ̀tù tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá àti yẹ́lò káàdì, ìyẹn ìwé ẹ̀rí àjẹsára ibà apọ́njú, ni ó yẹ kó wà lọ́wọ́ ẹni kọ̀ọ̀kan, títí kan àwọn ọmọdé. Àjẹsára yìí kì í fìdí múlẹ̀ àfi lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, nítorí náà kì í ṣe ohun tí à ń gbà ní àárọ̀ ọjọ́ ìrìn-àjò. Láti 2016 sì ni àjọ ìlera àgbáyé ti gbà pé ẹyọ kan ti tó fún gbogbo ayé ẹni. Yorùbá tó ń fi páásípọ́ọ̀tù Bìrìtìkó tàbí ti Amẹ́ríkà rìn gbọ́dọ̀ gba físà, èyí tí a lè ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí a tó kúrò nílé. Ẹni tó fẹ́ wa ọkọ̀ tirẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìwé adójútòfò ECOWAS tí wọ́n ń pè ní Brown Card àti àṣẹ ìgbà díẹ̀ fún ọkọ̀ náà láti ọ̀dọ̀ àwọn aṣọ́bodè. Nàìjíríà ti ibodè rẹ̀ pa láti oṣù Kẹjọ 2019 títí di oṣù Kejìlá 2020, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì há sẹ́yìn ibodè; kí a gbọ́ ìròyìn ọ̀sẹ̀ náà kí a tó gbéra, kí a sì ṣètò láti dé ibodè Sèmè ní ọ̀sán, nítorí ìdádúró lójú ọ̀nà Àgbádárìgì lè jẹ wákàtí púpọ̀ ju èyí tí kìlómítà 120 tó wà láàrin Èkó àti Kútọnu yẹ kó gbà. Aago Bẹ̀nẹ̀ àti ti Nàìjíríà bára mu. Ti Tógò fi wákàtí kan rẹ̀yìn, ohun tó yẹ kí ẹni tó fẹ́ ti Grand-Popo yà dé Lomé rántí.

Owó sẹ́fà ni wọ́n ń ná. Wọ́n so ó mọ́ owó Yúróòpù ní ìwọ̀n tí kì í yí padà, sẹ́fà 655.957 sí yúrò kan, nítorí náà ẹni tó ní yúrò lọ́wọ́ lè ṣírò ìnáwó rẹ̀ ní oṣù mẹ́fà ṣáájú láìbẹ̀rù. Náírà ló ń gòkè tó ń sọ̀kalẹ̀, ẹni tó bá sì ń ná náírà kò gbọdọ̀ ṣe ìṣirò rẹ̀ lórí iye ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbèrò. Kí ó fi àlàfo sílẹ̀. Owó wẹ́wẹ́ ṣọ̀wọ́n lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kadà tí wọ́n ń pè ní zémidjan àti àwọn alágbọn, nítorí náà kí a ti ṣẹ́ ẹ sí owó kékeré nígbà tí a wà nínú ìlú ńlá, pàápàá kí a tó forí lé Grand-Popo.

Ibà kò ní ìgbà ní etíkun yìí. Ọ̀pọ̀ Yorùbá tó ti ń gbé òkè òkun láti ọdún pípẹ́ máa ń gbà pé ara wọn ṣì mọ ibà bí ti ìgbà èwe, ṣùgbọ́n agbára ìdènà tí ara ní a máa dín kù bí ẹ̀fọn kò bá jẹ ènìyàn mọ́ fún ìgbà pípẹ́, àwọn ọmọ tí wọ́n bí sọ́hùn-ún kò sì ní in rárá. Oògùn ìdènà ibà tí dókítà bá kọ ni kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ òfuurufú, kí wọ́n sì bèèrè lọ́wọ́ onílé ìtura bóyá àwọ̀n ẹ̀fọn wà lórí ibùsùn. Omi adágún tó tòrò, tí kò ní iyọ̀, tí koríko sì yí ká, lè ní ìgbín kéékèèké tó ń gbé àtọ̀sí ajá kiri. Ọ̀sà tí omi òkun ń wọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ní in, ìdí mìíràn nìyẹn tí ìtòsí ẹnu odò fi sàn ju ẹ̀yìn ọ̀sà lọ fún ìwẹ̀. Oòrùn láàrin aago mọ́kànlá sí mẹ́ta ọ̀sán máa ń jó ara àní nígbà tí ìkùukùu bò ó.

Oúnjẹ kì yóò da Yorùbá láàmú. Ẹ̀kọ tí wọ́n ń pè ní akassa, ẹja yíyan pẹ̀lú ata, ẹ̀bà pupa olómi ẹja, ìrẹsì àti ẹ̀wà tí wọ́n sè pọ̀, kulíkulí àti omi àgbọn wà níbi gbogbo. Èdè ló yẹ kí a múra sí: Yorùbá ṣiṣẹ́ ní Àjàṣẹ́ àti ní ọjà Kútọnu, ṣùgbọ́n ní Grand-Popo, Mina àti Faransé ló jọba, ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ Faransé fún iye owó, omi, oúnjẹ àti ìkíni sì tó láti mú kí ojú onílé yá sí àlejò.

Nígbà àbọ̀, kí a má fi gbogbo ọjọ́ ìkẹyìn ṣeré kí a tó dé ibodè ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, nígbà tí èrò máa ń pọ̀. Nàìjíríà ti fòfin de adìyẹ dídì láti ilẹ̀ òkèèrè, kò sì gba ìrẹsì láyè láti gba ibodè orí ilẹ̀ wọlé, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù sì máa ń wá méjèèjì nínú ẹrù. Iyọ̀ Djègbadji, aṣọ àti agbọ̀n tí wọ́n hun ní Grand-Popo ni kí a dì sínú àpò fún àwọn ará ilé.